Ilé Karùn-ún

Lẹ́yìn kíláàsì kẹrin, l'Ókèèsà, n'Íléṣà,
mo fi ẹfun ya ilé mẹ́rin sójú sìmẹ́ńtì
bí ẹni fẹ́ ta súwẹ̀.
Ọ̀gá àgbà yọrí lójú fèrèsé:
"Tíṣà Àgúnbíadé, ṣé iṣẹ́ tí ẹ gbà rèé?"
Mo ní iṣẹ́ náà ni, sà.
Mo ní ẹ jẹ́ kí wọ́n fò ó wò ná.

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ èdè Ṣáínà
lọ́wọ́ ògbufọ̀ àwọn awa-góòlù tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa,
ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń fi ata rodo jẹ ìrẹsì láàárọ̀.
Ìwé tó fi sílẹ̀ fún mi nípọn bíi búlọ́ọ̀kù.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọ kíláàsì,
Adésuyì sùn, Arínọlá sùn,
èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn sùn.

Ló bá di eré.

Ilé kìíní, mā: ó ga, ó tẹ́ bí òrùlé páànù. Ìyá ni.
Ilé kejì, má: ó ń gòkè bọ̀ bí ohùn ọ̀kadà tó ń pọ́n òkè. Okùn ni.
Ilé kẹta, mǎ: ó já sí kòtò,
ó tún ń rọra gbé orí sókè níbẹ̀. Ẹṣin ni.
Ilé kẹrin, mà: òkúta tí a sọ lulẹ̀. Èébú ni.
Bí mo bá ti pe ohùn, kí ẹsẹ̀ mọlé.

Adésuyì fi gbogbo agbára pe ìyá rẹ̀,
ó balẹ̀ gbì sílé kẹta.
"Ó pe ìyá ẹ̀ lẹ́ṣin!"
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí eléèpà ẹnu géètì fi bá wọn rẹ́rìn-ín.
Láti ọjọ́ náà, kò ṣi ìyá rẹ̀ pè mọ́.

N kò ní tan ara mi jẹ.
Èdè tiwa gan-an, ta ló ń fi àmì sí i lórí?
Wọ́n á kọ ọkọ sínú ìwé, kí n máa méfò:
ṣé ti oko ni, ṣé ti ojú títì ni, àbí ti ìyàwó?
Ìyá Arínọlá dìde ní ìpàdé òbí:
"Kí lọmọ mi fẹ́ fi Ṣáínà ṣe,
nígbà tó jẹ́ òyìnbó ló fi ń dá ìyá mi lóhùn?"
Mo wá èsì, n kò rí.
Mo ṣì ń wá a.

Ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀dé ni mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀.
Kì í bá wọn fò. Ẹ̀gbẹ́ kànga ló ń jókòó sí.
Akólòlò ni; ọ̀rọ̀ a máa há a lọ́fun bí eegun ẹja,
àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa bá a parí rẹ̀ kó tó yọ.

Òjò pa ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́ lálẹ́ Ọjọ́rú.
Nígbà tí mo dé láàárọ̀, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀,
ó ń fi èédú tún wọn yà.
Ó ya òmíràn mọ́ ọn, kékeré,
kò gbà ju gìgísẹ̀ kan lọ.
"Tíṣà, ẹ ní... ẹ ní ìkan wà tí kò... tí kò lóhùn."

Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́, tí mo sáré kọjá:
ma tí kò ga, tí kò wálẹ̀, tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ.
Ìdí gbólóhùn ló ń jókòó sí, bí *bí* tiwa,
bó bá sì ti jókòó, gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀
á di ìbéèrè.

Bọ́sẹ̀dé fò.
Ilé kẹta. Ilé kẹta lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kólòlò.
Ó fi ọmọ ìka dúró sílé karùn-ún, ó kọjú sí mi:
"Nǐ hǎo ma?"

Ṣé dáadáa ni mo wà.
Láti ìgbà tí sáà ti wọlé, ẹnì kan kò tíì bi mí.
Ẹfun wà lọ́wọ́ mi.
N kò rántí ilé tí èsì rẹ̀ wà.